Ẹ̀wà Samaru àti Ìbéèrè Ìyá Ọlọ́mọ

Ọjà Kubwa ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, tí mo ti ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó sì fẹ́ lọ ṣe másítà ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ní Zaria. Ìyá náà ń wọn ẹ̀wà sínú ọ̀rá fún mi lọ́wọ́, ó wá gbé múdù sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣiṣẹ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé yunifásítì yẹn lórúkọ lókè òkun? Àwọn ẹbí ní kí n ta ilẹ̀ kí n fi rán ọmọ yìí lọ sí Ìlú Ọba."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé ó wà. Èmi ni mo máa ń jókòó ti àwọn olùkọ́ yunifásítì lókè Ọya níhìn-ín láti kọ ìwé tí wọ́n fi ń wá owó ìwádìí, èmi náà ni mo sì ń bá wọn ṣírò bí wọ́n ṣe ná owó náà. Nítorí náà, mo ti wọ inú ilé ìdáná àwọn yunifásítì wọ̀nyí. Orúkọ yunifásítì dà bí òórùn ọbẹ̀: ó ti máa ń dé ojúde kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Mo sọ fún ìyá náà pé kí ó jẹ́ kí á jọ ṣí ìkòkò yìí wò.

Gbogbo yunifásítì ló ń kọ́ni. Ní èyí tó ń ṣe ìwádìí, olùkọ́ á máa wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ láàárọ̀, á sì wọ kíláàsì ọmọ yín lọ́sàn-án. Irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ nílò ilẹ̀, ẹ̀rọ, owó, àti èèyàn tó ní sùúrù. Ó tún nílò ọjọ́ orí. Ẹni tó bá lówó lè kọ́ ilé mẹ́rin láàárín ọdún méjì, ṣùgbọ́n kò lè ra àkọsílẹ̀ ọgọ́ta ọdún nípa bí òjò ṣe rọ̀ àti bí ọkà ṣe hù lórí ilẹ̀ kan náà.

Ibẹ̀ ni Zaria ti gba iwájú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962 ni yunifásítì náà ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1920 ni oko ìwádìí ti wà ní Samaru, ní Zaria kan náà. Nígbà tí wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀, wọ́n fa ibùdó ìwádìí náà lé e lọ́wọ́, ó sì di Institute for Agricultural Research. Yunifásítì bá oko lórí ilẹ̀ ni. Ní Shika tó wà nítòsí, National Animal Production Research Institute ń ṣe ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn. Àwọn ni wọ́n bí ẹ̀yà adìyẹ ẹlẹ́yin tí wọ́n ń pè ní ShikaBrown. Ẹ̀ka mìíràn tún wà, NAERLS, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ohun tí àwọn onímọ̀ rí dé etí àgbẹ̀ ní èdè tí àgbẹ̀ gbọ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀ka yìí gidigidi, torí mo ti rí ìwádìí rere tó kú sínú dúrọ́ọ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó gbé e dé oko.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irúgbìn, ẹ wo ara àpò wọn. Ẹ ó rí SAMMAZ lára àgbàdo, SAMNUT lára ẹ̀pà, SAMSORG lára ọkà bàbà, SAMPEA lára ẹ̀wà. "SAM" tó wà níbẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn, Samaru ni.

SAMPEA 20-T, ẹ̀yà ẹ̀wà kan láti Samaru, ni mo fi ṣàlàyé fún ìyá náà, torí ẹ̀wà ni òwò rẹ̀. Kòkòrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Maruca. Ọmọ rẹ̀ máa ń wọ inú òdòdó ẹ̀wà, ó máa ń lu èso tútù ihò, á sì jẹ ẹ́ láti inú, nítorí náà oògùn tí àgbẹ̀ ń fín sí ìta kì í bá a. Níbi tó bá ti le, ó lè run ìdá 80 nínú 100 irè oko. Nàìjíríà ló ń gbin irú ẹ̀wà tí a ń jẹ nílé wa jù lágbàáyé, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ máa ń fín oògùn títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́, nígbà mìíràn láìbo imú, láìwọ ìbọ̀wọ́. Àwọn onímọ̀ wá ẹ̀wà tí kòkòrò yìí kò lè jẹ káàkiri, wọn ò rí i nínú èyí tí a ń gbìn. Wọ́n wá mú àbùdá kan, èyí tí òyìnbó ń pè ní gene, lára kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ilẹ̀, wọ́n fi sínú ẹ̀wà. Àbùdá yẹn ń mú kí ẹ̀wà ní èròjà kan tó ń ba ikùn ọmọ Maruca jẹ́ bó bá ti bù ú jẹ. Ikùn èèyàn kò ní ibi tí èròjà náà lè lẹ̀ mọ́, nítorí náà kò mú wa.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rìn. Ilé ìwádìí CSIRO, ní ìlú Canberra ní Ọsirélíà, ni wọ́n ti fi àbùdá náà sínú ẹ̀wà. Àjọ AATF tó wà ní Nairobi ló so àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà pọ̀. Amẹ́ríkà gbé owó sílẹ̀ nípasẹ̀ USAID. Ṣùgbọ́n Samaru ni wọ́n ti gbìn ín lábẹ́ òjò wa, tí wọ́n ti fi bá ẹ̀wà tí àgbẹ̀ wa mọ̀ lò pọ̀, ìran lẹ́yìn ìran. Ní ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí i, ó sì di oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà tí a fọwọ́ sí fún àgbẹ̀ wa láti gbìn. Ní 2021 ló bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀. Fífín oògùn wá dínkù sí bí ẹ̀ẹ̀mejì lásìkò ọ̀gbìn kan.

"Ṣé kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà nínú àpò náà kò ní lè jẹ ẹ́?" Ọ̀rọ̀ ajé ni ìyá náà bá bọ̀. Mo ní rárá o, ìyẹn ọ̀tọ̀, ẹ̀wà yìí kò rí kòkòrò inú àpò ṣe. Àwọn kan kò fẹ́ irú ohun ọ̀gbìn báyìí rárá, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìbéèrè. Èmi fúnra mi gbà pé ó dára kí onímọ̀ tó lè dá wọn lóhùn jẹ́ ẹni tó ń gbé láàárín wa. Èyí gan-an ni ìdí tí orílẹ̀-èdè fi ń ní yunifásítì ìwádìí.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ átọ́míìkì kan wà nínú ọgbà Yunifásítì Ahmadu Bello. NIRR-1 ni orúkọ rẹ̀. Ṣáínà ló ṣe é, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004. Ẹ má fòyà. Agbára rẹ̀ kò ju bíi kílówáàtì 34 lọ, kò wà fún bọ́ǹbù, kò sì wà fún iná mànàmáná. Bí wọ́n bá fi erùpẹ̀, òkúta tàbí oúnjẹ díẹ̀ sínú rẹ̀, èròjà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ohun náà á ta ìtànṣán tirẹ̀ jáde. Ó dà bí ẹni pé a kan ilẹ̀kùn, tí gbogbo ará ilé wá dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì fi ohùn dá wọn mọ̀. Ní ọdún 2018, wọ́n kó yuréníọ̀mù tó ń lò tẹ́lẹ̀, irú èyí tó ṣeé fi ṣe bọ́ǹbù, padà sí Ṣáínà, wọ́n fi èyí tí kò ṣeé fi ṣe bọ́ǹbù rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ átọ́míìkì. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tàbí ti ìmọ̀ ilẹ̀ tó bá kàwé níbẹ̀ lè bá ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní Áfíríkà.

Kí n má jẹ́ kó dà bí ẹni pé oko àti ẹ̀rọ nìkan ni ìwádìí. Ní Zaria kan náà, ní 1958, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà kan kóra jọ: Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, àti Yusuf Grillo, ọmọ Èkó. Wọ́n ní àwọn kò ní máa ya àwòrán bí òyìnbó ṣe ń yà á nìkan. Ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yí iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ọ̀rọ̀ "òkè òkun". Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn gíwá pé yunifásítì àwọn fẹ́ di ti àgbáyé. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, lójú èmi tí mo ń wo ìwé owó, kò ṣòroó lóye. Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2014 láti yan ibùdó ìmọ̀ ní àwọn yunifásítì Áfíríkà. Ahmadu Bello rí i gbà lórí àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé gbàgbé. Bayero ní Kano rí i gbà lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ gbígbẹ. Yunifásítì AUST tó wà ní Galadimawa, ní Abuja wa níhìn-ín, rí i gbà lórí ìmọ̀ àwọn èròjà tí a fi ń ṣe nǹkan. Owó ètò yìí kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́: iṣẹ́ lẹ fi ń gbà á. Ẹ gbọ́dọ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́ wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tó wá láti ìta wá yẹ ẹ̀kọ́ yín wò, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ ìwádìí jáde, kí apá mìíràn nínú owó tó wọlé. Mo ti sùn sí ọ́fíìsì nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó le, àmọ́ ó kọ́ wa ní ìwà tí a kò ní tẹ́lẹ̀.

Ẹ sì wo àkòrí àwọn ibùdó wọ̀nyẹn. Àìsàn wa, ọ̀dá wa. Ìṣòro tiwa ló ń mú ayé wá sọ́dọ̀ wa.

Ohun tí kò dára náà wà, n kò sì ní fi pamọ́ fún òbí tó fẹ́ ná owó rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ó sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Òjò Zaria bọ́ sí àárín oṣù wọ̀nyẹn pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó nílò òjò kan péré láti parí iṣẹ́ rẹ̀ pàdánù ọdún kan gbáko. Ní yunifásítì kan tí mo bá ṣiṣẹ́, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, dísẹ̀lì tán nínú jẹnẹrétọ̀, ẹ̀jẹ̀ màlúù tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi oṣù méje gbà jọ sì yọ́ nínú fíríìsà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ṣí i. N kò lè gbàgbé ojú rẹ̀. Ààbò ojú ọ̀nà náà ti lé ọ̀pọ̀ àlejò onímọ̀ sẹ́yìn. Owó òkèèrè pẹ̀lú kì í dúró: USAID tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìjọba Amẹ́ríkà tì í pa ní 2025. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ TETFund, owó ìjọba fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, tó ń wá láti orí èrè àwọn ilé iṣẹ́ wa nílé, níbi gbogbo tí mo bá ti ráyè sọ̀rọ̀.

Fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń lọ fún oyè àkọ́kọ́, ohun kan wà láti wò. Láti 2023, NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ló ń yan ìdá 70 nínú 100 ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́. Yunifásítì ló ń yan ìdá 30 tó kù. Ẹ ní kí wọ́n fi ìdá 30 yẹn hàn yín. Bí yunifásítì bá lágbára kan tó yàtọ̀, ibẹ̀ ló ti máa hàn. Fún ẹni tó fẹ́ ṣe másítà tàbí ọ̀mọ̀wé, olùkọ́ tí yóò bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju géètì ilé ẹ̀kọ́ lọ. Kí ọmọ kọ̀wé sí olùkọ́ náà tààrà, kí ó bèèrè ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ta ló ń gbé owó rẹ̀, àti ọdún mélòó ni àwọn tó kọ́ gbẹ̀yìn fi parí. Olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ gidi máa ń fẹ́ràn ìbéèrè yìí.

Ìyá náà kò ta ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kọ̀wé sí olùkọ́ méjì ní Samaru. Ọ̀kan kò tíì fèsì. Èkejì ní òun ní oko ìdánwò ẹ̀wà ní Samaru àti òmíràn ní Minjibir, lápá Kano, pé kí ó dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ kí ó lè bá wọn gbin irúgbìn. Nígbà tí mo tún lọ ra ẹ̀wà lọ́sẹ̀ tó kọjá, iye tí bàtà rọ́bà ń lọ ní Zaria ni ìyá náà ń bi mí.