Ògiri fáíbà tí ènìyàn méjì ń gbé: ṣé ó lè gbé òrùlé dúró?

Àwọn ará Òṣogbo tó fẹ́ kọ́lé ti ń gbọ́ nípa ilé tí wọ́n ń ṣe yàrá rẹ̀ tán ní ilé iṣẹ́, tí ọkọ̀ á wá gbé e wá sórí ilẹ̀. Ògiri rẹ̀ ló ń rú wọn lójú.

Kí ló wà nínú ògiri náà?

Awẹ́ fáíbà pẹlẹbẹ méjì ni, fóòmù wà láàárín. Òwú gíláàsì tí wọ́n fi rẹ́síìnì pò ni fáíbà náà, irú èyí tí wọ́n fi ń tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe. Ká ní awẹ́ kọ̀ọ̀kan nípọn tó mìlímítà 3, tí fóòmù sì jẹ́ 100, mítà kan níbùú lóròó kì í sábà ju kílò 20 lọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù onínáìnì tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ju kílò 200 lọ, ká má tíì rẹ́ ẹ.

Báwo ni ohun tó fúyẹ́ báyìí ṣe ń gbé òrùlé?

Àyè tó wà láàárín awẹ́ méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ náà. Kápẹ́ńtà mọ̀ pé pákó tó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ á tẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, kò ní mì. Bí ẹrù òrùlé tàbí ìjì bá fẹ́ tẹ ògiri yìí, awẹ́ kan á fún pọ̀, èkejì á nà, fóòmù ni kò ní jẹ́ kí wọ́n yọ̀ kọjá ara wọn. Bí fóòmù bá nípọn ní ìlọ́po méjì, agbára ògiri láti má tẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin.

Gúlù tó lẹ fáíbà mọ́ fóòmù ni gbogbo rẹ̀ wá dúró lé. Bí fáíbà bá ṣí kúrò lára fóòmù, agbára ti lọ nìyẹn, ojú sì lè má rí i. Ẹ fi owó onírin kan ògiri náà káàkiri. Ibi tí ìró rẹ̀ bá yàtọ̀ bí ẹni pé inú rẹ̀ ṣófo, ẹ pe ẹnjiníà kó wò ó.

Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ńkọ́?

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Ìwúwo búlọ́ọ̀kù máa ń bá ìjì jà, ògiri fáíbà kò ní ìwúwo yẹn. Bóòtù tó dè é mọ́ ìpìlẹ̀, tó dè é mọ́ òrùlé, tó sì de yàrá mọ́ yàrá, ni ẹ ó gbára lé. Lọ́dún 1968, ní Ronan Point ní Lọ́ńdọ̀nù, gáàsì bú gbàù ní àjà kejìdínlógún. Ògiri kan yẹ̀, igun ilé náà sì wó láti òkè délẹ̀, ènìyàn 4 kú. Kọ́ńkéré ni ògiri ibẹ̀, kì í ṣe fáíbà. Oríkèé ilé náà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti so ògiri àti àjà pọ̀, ni kò lágbára tó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi àwòrán oríkèé rẹ̀ hàn yín kí ẹ tó sanwó.

Iná ńkọ́?

Gíláàsì kì í jó, ṣùgbọ́n rẹ́síìnì máa ń rọ̀ kí iná tó le rárá, fóòmù míì sì ń jó. Èyí tí kò bá ní ìwé àyẹ̀wò iná, èmi kò ní jẹ́ kí ọmọ mi sùn nínú rẹ̀.

Ṣé mo lè lu ihò éésì sí i tó bá yá?

Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe é, kí wọ́n lè fi férémù sí ojú ihò náà. Ihò tí wọ́n bá kàn lù lẹ́yìn náà ń gé òwú tó ń gbé ẹrù, omi òjò á sì gba ibẹ̀ wọ inú fóòmù. Éésì fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ́ sórí awẹ́ fáíbà lásán, àfi kí wọ́n ti sin igi tàbí irin síbẹ̀ láti ilé iṣẹ́.