Àpèjúwe irinṣẹ́ fún aṣojú AI

Àpèjúwe irinṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń kọ kóòdù máa ń kọ mọ́ irinṣẹ́ kan, kí módẹ́ẹ̀lì èdè (ètò AI tó ń ka ọ̀rọ̀, tó sì ń kọ ọ́) lè mọ ohun tí irinṣẹ́ náà wà fún, ìgbà tó yẹ kó pè é àti ohun tó gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Aṣojú AI ni ètò kọ̀ǹpútà tí irú módẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń darí, tó ń fúnra rẹ̀ yan ìgbésẹ̀ tó kàn: ó lè wá fáìlì, kó fi ímeèlì ránṣẹ́ tàbí kó ṣírò owó. Módẹ́ẹ̀lì kì í sábà rí kóòdù tó wà nínú irinṣẹ́. Orúkọ, àpèjúwe àti àtòkọ páràmítà (àwọn iye tó gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí irinṣẹ́) ló ń rí, ohun tí wọn kò bá sì sọ, kò sí lójú rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ilé-iṣẹ́ OpenAI fi ìpè fọ́ńṣàn, ọ̀nà tí módẹ́ẹ̀lì fi ń béèrè pé kí wọ́n lo irinṣẹ́, kún API rẹ̀ (ọ̀nà tí ètò mìíràn ń gbà lo módẹ́ẹ̀lì náà). JSON Schema, ìlànà kan fún sísọ irú dátà tó yẹ, ni wọ́n fi ń ṣàlàyé páràmítà. Módẹ́ẹ̀lì á dárúkọ fọ́ńṣàn tó fẹ́ pè, ètò tó gbà á lò á ṣiṣẹ́ náà, á sì dá èsì padà fún un. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé Model Context Protocol (MCP) jáde, ìlànà tí ẹnikẹ́ni lè lò láti so irinṣẹ́ mọ́ aṣojú. Láti ìgbà náà, ẹni tó kọ irinṣẹ́ lè má mọ ẹni tó ni aṣojú tí yóò lò ó rárá. Àpèjúwe nìkan ló wà láàárín wọn.

Ká wo irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ `wa`, tí àpèjúwe rẹ̀ kò ju “Ó ń wá nǹkan” lọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Níbí náà, ààbọ̀ máa ń di odindi, ṣùgbọ́n àbá ni módẹ́ẹ̀lì fi ń dí ìyókù. Èyí tó sàn lè kà báyìí, lábẹ́ orúkọ `wa_imeeli`:

“Ń wá ọ̀rọ̀ nínú àkọlé àti inú ímeèlì aṣàmúlò. Kì í wo fáìlì tí wọ́n so mọ́ ímeèlì. Lo `wa_faili` fún ìyẹn. Kì í dá ju ímeèlì 20 padà, èyí tó dé kẹ́yìn ló ń ṣáájú. Bí kò bá rí nǹkan kan, àtòkọ òfìfo ló ń dá padà.”

Gbólóhùn kejì, pẹ̀lú ìkẹta tó tẹ̀ lé e, ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé: ó pààlà sáàárín irinṣẹ́ méjì tó jọra. Gbólóhùn tó kẹ́yìn kò jẹ́ kí aṣojú ka àìrí sí àṣìṣe, kó wá máa pe irinṣẹ́ kan náà léraléra.

Páràmítà náà ń fẹ́ irú ìtọ́jú yìí. 03/04/2025 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lójú ẹnì kan, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta lójú ẹlòmíràn. Ìlànà ISO 8601, tó kọ ọ́ ní 2025-04-03, mú iyèméjì kúrò. `idaduro: 30` kò sọ bóyá ìṣẹ́jú ni tàbí ìṣẹ́jú àáyá. Níbi tí iye tó ṣeé yàn bá mọ níwọ̀n, kí wọ́n tò wọ́n sínú `enum`, ìyẹn àtòkọ iye tí irinṣẹ́ ń gbà.

Àpèjúwe gígùn ní owó tirẹ̀. Gbogbo àpèjúwe tí wọ́n bá kó fún módẹ́ẹ̀lì ló ń gba tókìn (ègé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ka iye ohun tí módẹ́ẹ̀lì kà), ì báà pe irinṣẹ́ náà tàbí kó má pè é. Síbẹ̀, ìwé ìtọ́nisọ́nà Anthropic dámọ̀ràn ó kéré tán gbólóhùn mẹ́ta sí mẹ́rin fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìmọ̀ràn yìí sì tọ́: ìpè kan tó ṣìnà lè jẹ tókìn ju ohun tí gbólóhùn méjì ìbá jẹ lọ.

Nítorí pé módẹ́ẹ̀lì ń ka àpèjúwe bí ìtọ́ni, ẹni ibi lè fi àṣẹ pa mọ́ sínú rẹ̀, bíi kí aṣojú kó àṣírí aṣàmúlò jáde. MCP ní àmì `destructiveHint` fún irinṣẹ́ tó lè ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n ìlànà náà fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbára lé irú àmì bẹ́ẹ̀ bí kò bá ti ọ̀dọ̀ sáfà (ètò tó ń pèsè irinṣẹ́) tí wọ́n fọkàn tán wá.

Kíkà nìkan kò tó láti mọ àpèjúwe tó dára. Wọ́n máa ń fi ìbéèrè gidi dán an wò, wọ́n á sì wo irinṣẹ́ tí aṣojú yàn àti ohun tó fi sínú páràmítà. Iṣẹ́ àpèjúwe tún dé inú èsì àṣìṣe: “Àṣìṣe 400” kò kọ́ aṣojú ní ohunkóhun, àmọ́ bí èsì bá sọ pé “kọ ọjọ́ báyìí: 2025-04-03”, ó lè tún ìpè náà ṣe fúnra rẹ̀.