Àwòrán Dídán Kọ́ Ló Ń Gba Ẹ̀bùn

Àbúrò mi obìnrin kan pè mí láti Kubwa. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí M.Sc. nínú iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. "Ẹ̀gbọ́n, àwòrán ọmọ mi ló dán jù, ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n fún lẹ́bùn. Ṣé kò sí màgòmágó níbẹ̀?"

Ó lè wà. N kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí wọ́n bá pè mí wá yẹ iṣẹ́ àṣejáde wò, àwòrán dídán kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Kọ̀ǹpútà ló ń mú un dán. Mo ti rí àwòrán ọjà Gwagwalada tí àwọn òyìnbó nìkan ń rìn nínú rẹ̀!

Èyí tí mo ń wá ni àwòrán tó la ilé sí méjì, bí ẹni fi ọ̀bẹ la ìbẹ́pẹ, tí gbogbo inú hàn síta. Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú. Ọmọkùnrin kan ya ilé ìkàwé tó fẹ́ kọ́ sí Kánò. Ó ti kọ̀wé rẹpẹtẹ nípa ooru, nípa túbàlì, ìyẹn bíríkì amọ̀ onígun ṣóńṣó tí àwọn Hausa fi ń mọlé, àti nípa Babban Gwani tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ Zaria ní ọ̀rúndún 19. Ìwé náà dùn ún kà. Mo ṣí àwòrán: gíláàsì ni láti ilẹ̀ dé àjà, ìwọ̀-oòrùn ló sì kọjú sí. Mo ní, "Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù kẹrin, ibo lẹni tó ń kàwé máa jókòó?" Ó ní wọ́n á fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Ìwé rẹ̀ ń lọ Zaria, àwòrán rẹ̀ ń lọ Dubai.

Ní Lọ́ńdọ́nù, RIBA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya àmì ẹ̀yẹ ìwé kíkọ sọ́tọ̀ sí ti àwòrán. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jọ máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ọmọbìnrin tó gba ẹ̀bùn lọ́dún yẹn, ọjà ló yà fún Abuja níbí, àwòrán rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ dán. Ṣùgbọ́n ó ti jókòó sọ́jà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń sàmì sí ibi tí àwọn ìyá ń sún àpótí wọn sí bí òjìji ṣe ń yí. Ó rí i pé nínú oṣù kẹfà, wọ́n ń sá fún ògiri apá àríwá. Àwa àgbà ayàwòrán gan-an máa ń gbàgbé èyí: ìlà 9 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni Abuja wà, nítorí náà apá àríwá ni oòrùn máa ń gbà kọjá lọ́sàn-án oṣù kẹfà. Inú ìwé àwọn ará ìlú òtútù ni wọ́n ti ń sọ pé ògiri àríwá kì í rí oòrùn. Ó na òrùlé síta níbẹ̀. Gbogbo ìlà tó fà ló ń dáhùn ìbéèrè kan: báwo ni ìyá á ṣe tajà láìra agboòrùn?

Mo ní kí àbúrò mi rán ọmọ náà sí mi ní Wuse lọ́jọ́ Sátidé. Kó fi àwọn tó dán yẹn sílé. Èyí tó fi pẹ́ńsù yà ni kó mú wá.