Bí Server Tó Wá Láti Ọwọ́ Iléeṣẹ́ Oríṣiríṣi Ṣe Ń Gba Àṣẹ Kan Náà

Ó ṣọ̀wọ́n kí iléeṣẹ́ ńlá ra gbogbo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Server (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) àkọ́kọ́ lè jẹ́ ti Dell, kí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti HPE, kí switch tó so wọ́n pọ̀ jẹ́ ti Cisco, kí ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó fáìlì sí sì ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá. Oníkálukú ló ní ojú ìwé tí wọ́n fi ń darí rẹ̀: Dell ń pe tirẹ̀ ní iDRAC, HPE ń pe tirẹ̀ ní iLO. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ mẹ́ta, èèyàn lè máa ṣí ojú ìwé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tó ẹgbẹ̀rún, kí alábòójútó tó yẹ ìdajì wọn wò, ilẹ̀ á ti ṣú, server tí fáànù rẹ̀ kú láàárọ̀ á sì ti gbóná débi pé ó ti pa ara rẹ̀.

Ohun tó yanjú èyí ni ìlànà àjùmọ̀lò. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá ara wọn du ọjà jókòó pọ̀, wọ́n fẹnu kò lórí nǹkan méjì: ọ̀nà tí ìbéèrè àti ìdáhùn á máa gbà, àti orúkọ tí wọ́n á máa pe ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ti ọ̀nà kì í le jù. Ìdí orúkọ ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ̀rọ kan bá ní ìgbóná òun jẹ́ 71, tí òmíràn ní tòun jẹ́ 160, ó lè jẹ́ pé bákan náà ni wọ́n ṣe gbóná, ọ̀kan ń fi Celsius kà á, èkejì ń fi Fahrenheit kà á. Ètò tó ń ka èsì wọn kò ní mọ̀, àfi bí ẹnì kan bá ti là á sílẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀.

Nínú àwọn ìlànà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, SNMP ti pẹ́ gan-an. Ọdún 1988 ló jáde. Ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní agent ń gbé inú switch tàbí server, ó ń retí ìbéèrè ní pọ́ọ̀tì 161, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé. Ètò alábòójútó á béèrè, agent á dáhùn. Bí ohun tí kò ṣeé dúró dè bá ṣẹlẹ̀, bíi kí wáyà nẹ́tíwọ̀kì yọ, agent fúnra rẹ̀ á ké gbàjarè sí alábòójútó ní pọ́ọ̀tì 162. Igbe yìí ni wọ́n ń pè ní trap.

Nọ́ńbà ni SNMP fi ń sọ nǹkan lórúkọ. Ẹnikẹ́ni tí ì báà ṣe ẹ̀rọ náà, bí wọ́n bá béèrè 1.3.6.1.2.1.1.1.0 lọ́wọ́ rẹ̀, àpèjúwe ara rẹ̀ ló máa sọ. Bí wọ́n bá béèrè 1.3.6.1.2.1.1.3.0, á sọ bó ti pẹ́ tó tí agent rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń ka àkókò yìí, inú bíìtì 32 ni wọ́n sì ń kó o sí, nítorí náà kò lè kọjá 4,294,967,295. Bó bá dé ibẹ̀, òdo ló ń padà sí. Ìyẹn gba nǹkan bíi ọjọ́ 497. Router (ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ̀kì kan mọ́ òmíràn) tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ 498 lè wá dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn lánàá, kí ariwo sì gba iléeṣẹ́ kan pé iná ti já.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni òǹkà tó ń sọ iye báìtì tó gba ojú nẹ́tíwọ̀kì kan wọlé, ifInOctets. Bíìtì 32 ni òun náà. Lórí wáyà tó ń gbé gígábíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó bá kún dẹ́nu, òǹkà náà á yí padà sí òdo láàárín ìṣẹ́jú àáyá 34. Alábòójútó tó ń béèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún á rí nọ́ńbà kan gbà, nọ́ńbà náà á sì jọ òótọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti yí po ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ kó tó kà á. Kò sí àṣìṣe kankan tó máa hàn lójú ìwé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe òǹkà bíìtì 64 tó ń jẹ́ ifHCInOctets, òun ló sì yẹ kéèyàn máa bi ẹ̀rọ tó yára.

Ìlànà náà tún fún iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Lábẹ́ 1.3.6.1.4.1, IBM ni 2, Cisco ni 9, Hewlett-Packard (HP) ni 11, Microsoft ni 311. Ohun tó bá wu iléeṣẹ́ ló lè tò sínú yàrá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí alábòójútó ń fẹ́ gan-an sì máa ń wà, bíi ìlera díìsìkì àti ti ẹ̀rọ tó ń fún server níná. Ní kúkúrú, gbogbo wọn gbọ́ SNMP lóòótọ́, àmọ́ bó bá ti kan ohun tó ṣe pàtàkì, oníkálukú a máa padà sí ẹ̀ka èdè ilé rẹ̀.

Ní ti ààbò, ẹ̀dà 1 àti 2c ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà kọjá lórí wáyà láìbò ó rárá, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló sì ti ilé wá pẹ̀lú "public" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ̀dà 3 ló mú ìfìdánimọ̀múlẹ̀ àti ìbòmọ́lẹ̀ dé. SNMP kò sì dára fún yíyí ètò ẹ̀rọ padà; NETCONF, tó jáde ní 2006, àti YANG, tó tẹ̀ lé e ní 2010, ni wọ́n ṣe fún ìyẹn nínú ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì.

Ti server gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ọ̀pọ̀ server ni kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní BMC. Ó ní ọpọlọ tirẹ̀, ó sì sábà máa ń ní ojú nẹ́tíwọ̀kì tirẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pa server, níwọ̀n ìgbà tí wáyà iná bá ṣì wà lára rẹ̀, BMC kò sùn. Òun ló ń ka ìgbóná, òun ló ń tan server, òun ló ń pa á. Ní 1998, Intel, Dell, HP àti NEC gbé IPMI jáde kí BMC gbogbo wọn lè máa gbọ́ àṣẹ kan náà. Ó ṣiṣẹ́, ó sì tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà 2.0, ti ọdún 2004, ní àbùkù kan tí kò ṣeé tún ṣe: kí ẹni tó fẹ́ wọlé tó fi ara rẹ̀ hàn, BMC á ti fi hash, ìyẹn àmì tí wọ́n ṣírò láti inú ọ̀rọ̀ aṣínà, ránṣẹ́ sí i, onítọ̀hún á sì lè jókòó sílé rẹ̀ máa méfò ọ̀rọ̀ aṣínà náà títí tó fi máa bá àmì yẹn mu. Àbùkù yìí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kankan. Inú ìlànà fúnra rẹ̀ ló wà, ẹni tó bá tẹ̀ lé ìlànà dáadáa ló ní in.

DMTF, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìlànà àjùmọ̀lò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ti ń wá ojútùú fún ọjọ́ pípẹ́. Ìlànà wọn tó ń jẹ́ CIM gbìyànjú láti fún gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà lórúkọ, WMI, ohun tí wọ́n fi ń bójú tó Windows, sì ti ibẹ̀ yọ. Ó kún, àmọ́ ó wúwo. Ní 2015 wọ́n gbé Redfish jáde, èyí tó ń lo HTTPS (ọ̀nà tí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà) àti JSON (ọ̀nà tí wọ́n fi ń to ìsọfúnni sílẹ̀) tí gbogbo ẹni tó ń kọ ètò fún íntánẹ́ẹ̀tì ti mọ̀ dunjú.

Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni Redfish ní: /redfish/v1/. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn yìí á rí ìtọ́kasí sí Systems, Chassis àti Managers gbà. Kó wọ Systems, kó mú server kan, á rí "PowerState": "On", á sì rí "Health" tó lè jẹ́ OK, Warning tàbí Critical. Bó bá fẹ́ pa server náà, á fi ìbéèrè POST ránṣẹ́ sí ComputerSystem.Reset. Bó bá kọ GracefulShutdown sínú rẹ̀, server á kó ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ kó tó kú. Bó bá kọ ForceOff, iná á já lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ náà sì lè to àwọn èyí tó gbà lẹ́sẹẹsẹ ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà méfò.

Ibi tí àwọn tó ń kọ ètò ti máa ń kọsẹ̀ nìyí. Lórí Dell, ọ̀nà server ni /redfish/v1/Systems/System.Embedded.1; lórí HPE, /redfish/v1/Systems/1 ni. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, torí ìlànà kò sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kí ètò bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kó máa tẹ̀ lé ìtọ́kasí "@odata.id" láti ibì kan dé èkejì. Ẹni tó bá kọ ọ̀nà ti Dell mọ́ inú ètò rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tí ìlànà ṣe fún un jẹ́, ọjọ́ tí HPE bá wọlé ló máa mọ̀.

Yàrá àdáni kò tíì tán. Redfish ní ibi kan tó ń jẹ́ "Oem", níbi tí iléeṣẹ́ ń kó àrà tirẹ̀ sí. Ìyẹn kò burú, nítorí ohun tuntun ní láti bẹ̀rẹ̀ níbì kan. Ibi tí ewu wà ni kí iṣẹ́ ojoojúmọ́ máa gbára lé Oem, nítorí ètò náà kò ní lè bá ẹ̀rọ ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ìlànà kò pọn dandan. Server méjì lè máa pe ara wọn ní ẹ̀rọ Redfish, kí ọ̀kan máa sọ iye wáàtì tó ń jẹ, kí èkejì má sọ nǹkan kan.

Nítorí èyí ni DMTF ṣe fi àyè sílẹ̀ fún profile: fáìlì kan tí oníbàárà fi ń sọ àwọn ohun tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè dáhùn kó tó rà á. Open Compute Project ní irú rẹ̀ tí wọ́n gbé jáde fún ẹnikẹ́ni láti lò. DMTF sì ń pín Redfish Interop Validator lọ́fẹ̀ẹ́, ètò kan tó ń gbé profile lọ́wọ́ kan àdírẹ́sì BMC, tó sì ń sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó gbọ́n a máa kọ profile sínú ìwé àdéhùn ìrajà, á sì dán ẹ̀rọ wò kó tó sanwó. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi fámúwíà (ètò tó ń gbé inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀) tuntun sínú BMC ló sì yẹ kó tún ìdánwò náà ṣe, nítorí fámúwíà lè yí ìdáhùn ẹ̀rọ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan mìíràn lára rẹ̀.