Àṣírí ibùdó ọdẹ nínú áàpù àwòrán-ilẹ̀

Àṣírí ibùdó ọdẹ nínú áàpù àwòrán-ilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọdẹ bá fi fóònù sàmì sí ibi tí ó ti ń dẹ̀gbẹ́, yálà ibi tí ẹran ti ń mumi, ojú ọ̀nà tí ọ̀yà ń gbà, tàbí ibi tí ó dẹ tàkúté sí, tí àmì náà sì dé ọwọ́ ẹni tí kò fi í lé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọdẹ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ọdẹ ibòmíràn, ṣùgbọ́n ó ní ojú tirẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ìgbẹ́ ọdẹ, igbó ọba àti ààlà Nàìjíríà sún mọ́ ara wọn.

Ìgbẹ́ ọdẹ ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Kétu wà ní ẹ̀ka ìjọba Plateau, Ṣábẹ̀ẹ́, tí a ń kọ ní Savè lédè Faransé, sì wà ní ẹ̀ka ìjọba Collines. Ọ̀dàn tí igi wà káàkiri nínú rẹ̀ ló pọ̀ ní agbègbè méjèèjì, àpáta ńláńlá sì wà yí Ṣábẹ̀ẹ́ ká. Iṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe ohun tuntun níbẹ̀: ìtàn àtẹnudẹ́nu Kétu ka ọdẹ mọ́ àwọn tó ṣamọ̀nà ọba Edé dé ibi tí a tẹ ìlú náà dó, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà tí ń tẹ̀lé ìlànà Kétu ní Bràsíl sì ka Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, sí ọba Kétu.

Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ máa ń tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wọ ìgbẹ́ títí tí ojú rẹ̀ yóò fi mọ ipasẹ̀ ẹran, orísun omi àti igi tí èso rẹ̀ ń pe ẹran. Bí wọ́n bá ń júwe ibì kan, igi, àpáta, oko àtijọ́ tàbí odò ni wọ́n fi ń júwe rẹ̀, irú àjúwe bẹ́ẹ̀ kò sì wúlò púpọ̀ fún ẹni tí kò dé ìgbẹ́ náà rí. Nọ́ńbà ibùdó, ìyẹn nọ́ńbà méjì tí fóònù fi ń tọ́ka sí ibì kan lórí ilẹ̀ ayé, kò ní irú ìdènà yìí. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrókò àti àràbà, lè fi í rìn dé ìdí tàkúté láìbéèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí fóònù ṣe ń mọ ibi tí ó wà

Àwọn sátẹ́láìtì GPS ti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú GLONASS ti Rọ́ṣíà, Galileo ti Yúróòpù àti BeiDou ti Ṣáínà, ń fọ́n àmì àkókò sí ayé láìdáwọ́dúró. Fóònù ń gba àmì yìí láti ara sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán, ó sì ń fi ìyàtọ̀ àkókò tí wọ́n fi dé ṣírò ibi tí ó wà. Kì í dá sátẹ́láìtì lóhùn padà. Nítorí náà, èrò tí ó wọ́pọ̀ pé sátẹ́láìtì GPS ń ṣọ́ ẹni tó mú fóònù wọ ìgbẹ́ kò tọ̀nà, fóònù sì lè mọ ibùdó rẹ̀ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Áàpù ló ń gbé ọ̀rọ̀ jáde: ó ń gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ fóònù, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì lè fi í ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, ní wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tí ọdẹ ti padà sílé.

Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da àmì GPS tí àwọn ará ìlú ń gbà rú, tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣìnà rẹ̀ lè tó nǹkan bíi mítà 100. Láti ìgbà tí wọ́n ti dáwọ́ èyí dúró, fóònù tí ó wà ní gbangba lè tọ́ka sí ibi tí ó wà pẹ̀lú ìṣìnà tí kò ju nǹkan bíi mítà 5 lọ. Ìṣìnà náà ń pọ̀ sí i lábẹ́ igi tí ewé rẹ̀ dí àti lẹ́bàá àpáta gíga, nítorí pé àmì sátẹ́láìtì ń lu àpáta kí ó tó dé ọ̀dọ̀ fóònù.

Iye nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn àmì dẹ́símà ló ń sọ bí ibùdó náà ṣe hàn tó, kókó yìí sì yẹ fún àlàyé ju bí a ti sábà máa ń ṣe é lọ. Bí a bá kọ 7.36 àti 2.60, Kétu ni à ń tọ́ka sí lápapọ̀, nítorí pé nọ́ńbà méjì lẹ́yìn dẹ́símà dúró fún nǹkan bíi kìlómítà 1.1. Nọ́ńbà mẹ́ta dúró fún nǹkan bíi mítà 110, mẹ́rin fún mítà 11, márùn-ún sì fún mítà kan péré, èyí tí ó tó láti ya igi kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ọ̀pọ̀ áàpù ń kọ nọ́ńbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni fóònù fúnra rẹ̀ kò mọ ibẹ̀ dájú tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọdẹ bá ní kí áàpù kọ gbogbo ìrìn rẹ̀ sílẹ̀, fáìlì tí ó ń jáde, tí ó sábà máa ń jẹ́ irú èyí tí a ń pè ní GPX, lè ní wákàtí àti gíga ilẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣí i lè rí ibi tí ọdẹ náà dúró sí, bí ó ti pẹ́ tó níbẹ̀, àti ilé tí ó ti jáde.

Ọ̀nà tí àmì ń gbà jáde

Àwòrán ẹran tí a pa jẹ́ ọ̀nà kan tí a kì í fura sí. Bí ètò kámẹ́rà bá gbà á láyè, fóònù ń fi nọ́ńbà ibùdó pamọ́ sínú fọ́tò náà. WhatsApp ń yọ ọ́ kúrò bí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, ṣùgbọ́n ó ń kù síbẹ̀ bí a bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì. Fóònù tí a tà láìpa ohun inú rẹ̀ rẹ́ jẹ́ ọ̀nà mìíràn, bẹ́ẹ̀ sì ni àkáǹtì tí ẹni méjì jọ ń lò.

Ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù náà lè tú àṣírí láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Strava, áàpù àwọn eléré ìdárayá, gbé àwòrán-ilẹ̀ kan jáde tí ó fi ìrìn àwọn oníbàárà rẹ̀ hàn lápapọ̀. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn ènìyàn ṣàkíyèsí pé ibùdó ológun hàn nínú rẹ̀ ní aṣálẹ̀ níbi tí àwọn sójà nìkan ti ń sáré. Ìgbẹ́ tí ọdẹ díẹ̀ ń wọ̀ jọ irú aṣálẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ díẹ̀ tó láti la ọ̀nà níbi tí ẹlòmíràn kì í rìn. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 lórí àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ fóònù tí wọ́n tó mílíọ̀nù 1.5 fi hàn pé ibùdó mẹ́rin pẹ̀lú àkókò wọn tó láti ya ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sọ́tọ̀.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Ìpalára tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ni kí ẹlòmíràn kó ẹran inú tàkúté. Èyí tí ó wúwo jù, lójú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí ẹranko ìgbẹ́, ni kí àmì náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wá akika, ẹran tí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá ìgbẹ́, fòfin de títà rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì ní ìpàdé ọdún 2016. Ẹni tó bá sì mọ wákàtí tí ọdẹ ń wà nínú ìgbẹ́ mọ ìgbà tí kò sí nílé.

Àmì kan ṣoṣo kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọmọ iṣẹ́ bá sàmì sí orísun omi tí ọ̀gá rẹ̀ fi hàn án, ọ̀gá náà, ẹgbẹ́ ọdẹ àti ìdílé tó ni ilẹ̀ ló ní ìpín nínú àṣírí náà, bẹ́ẹ̀ ọmọ iṣẹ́ nìkan ni áàpù béèrè ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin

Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018 ló ń dáàbò bo ìròyìn ara ẹni ní Bẹ̀nẹ̀, àjọ tí a ń pè ní APDP ló sì ń bójú tó o. Òfin 2002-16 ti ọdún 2004 ló dá lórí ẹranko ìgbẹ́ àti iṣẹ́ ọdẹ. Àmì inú fóònù lè di ẹ̀rí pé ẹnì kan wọ igbó ọba, bíi ti Dogo àti ti Kétu, ìṣìnà mítà díẹ̀ sì lè gbé ọdẹ tó wà lóde igbó náà sínú rẹ̀ lójú àwòrán.

Ọ̀nà ìdáàbòbò

Áàpù bíi OsmAnd àti Organic Maps ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, inú fóònù sì ni wọ́n ń tọ́jú àmì sí bí a kò bá fi í ránṣẹ́ síta. Láti ìgbà ètò fóònù iOS 14 (ti iPhone) àti Android 12, oníbàárà lè fún áàpù ní ibùdó tí kò péye dípò èyí tó péye. Àwọn onímọ̀ ẹranko ti ń ṣe irú èyí tipẹ́: iNaturalist, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń kọ ẹ̀dá tí wọ́n rí sílẹ̀, ń fi ibùdó ẹ̀dá tó wà nínú ewu pamọ́ sínú àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 22 ní ẹkùn ilẹ̀ yìí.

Fífi ibùdó pamọ́ pátápátá ní ìṣòro tirẹ̀ fún ọdẹ tí ń dá wọ ìgbẹ́ lóru, nítorí pé ejò lè ṣán an tàbí kí ìbọn yìn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibùdó tí WhatsApp ń fi hàn bí a ti ń rìn ń parí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, wákàtí kan tàbí wákàtí 8, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi í ránṣẹ́ bá ti yàn, a sì lè fi í ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo nílé dípò gbogbo ẹgbẹ́.