Ìnáwó sórí ẹ̀kọ́ ìṣègùn nípa bárakú òpíọ́ìdì ní Amẹ́ríkà

Ìnáwó sórí ẹ̀kọ́ ìṣègùn nípa bárakú òpíọ́ìdì ni owó tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ń san kí dókítà, nọ́ọ̀sì àti apoògùn lè mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí oògùn ìrora ti di bárakú fún, àti bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀mí ẹni tó lò ó ní àlòjù là. Lára òpíọ́ìdì, ìyẹn oògùn líle tó ń pa ìrora, ni mọfíìnì, heroin, fentanyl, oxycodone, àti tramadol pẹ̀lú kódéìn tí àwa náà mọ̀ nílé. Ní ọdún 2022 nìkan, àwọn tí àlòjù òpíọ́ìdì pa ní Amẹ́ríkà lé ní 80,000.

Àwọn tó ń ta oògùn náà ti náwó rẹpẹtẹ sórí ẹ̀kọ́ àwọn dókítà tipẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Purdue Pharma gbé OxyContin, oògùn ìrora tó ní oxycodone nínú, jáde ní 1996, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníṣègùn sí ìpàdé. Títí di 2001, ìpàdé náà ti lé ní 40, àwọn tó lọ sì lé ní 5,000. Ilé-iṣẹ́ náà ló gbọ́ bùkátà wọn. Àwọn aṣojú rẹ̀ ń sọ fún dókítà pé ewu bárakú kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Irọ́ ni. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti Purdue gbà ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Virginia pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn ṣíṣi àwọn ènìyàn lọ́nà nípa oògùn náà. Owó tí wọ́n san lé ní 600 mílíọ̀nù dọ́là, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti kọ́ àwọn dókítà kò kúrò lórí wọn lọ́jọ́ kan.

Ní 2012, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, pàṣẹ pé kí àwọn tó ń ṣe òpíọ́ìdì tó ń pẹ́ nínú ara máa sanwó ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń kọ ọ́ fún aláìsàn. Wọn kò gbọdọ̀ dá sí ohun tí wọ́n ń kọ́ni: àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìwé àṣẹ ló ń gba owó náà, FDA ló sì la ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ní 2018, àṣẹ náà kan òpíọ́ìdì tó ń tètè ṣiṣẹ́, ó sì kan nọ́ọ̀sì àti apoògùn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò pọn dandan fún dókítà kankan láti lọ.

Ìtọ́jú ní ìtàn tirẹ̀. Òfin ọdún 2000 gba dókítà láyè láti fi buprenorphine, òpíọ́ìdì kan tí FDA fọwọ́ sí fún ìtọ́jú yìí ní 2002, tọ́jú bárakú ní ọ́fíìsì rẹ̀, bó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ wákàtí 8 tó sì gba àṣẹ àkànṣe. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò gbà á. Òfin SUPPORT ti 2018 fi owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kí wọ́n lè fi ẹ̀kọ́ náà sínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìparí 2022, wọ́n fagi lé àṣẹ àkànṣe náà. Láti oṣù kẹfà 2023, ẹ̀kọ́ wákàtí 8 ti di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gba tàbí tó ń tún ìwé àṣẹ oògùn líle ṣe, àfi dókítà ẹranko.

Nínú ìdánrawò, akẹ́kọ̀ọ́ á dúró ti ère ènìyàn tí kò dáhùn, tí èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Á jì í, á pe àwọn tó ń gbé aláìsàn pàjáwìrì, á gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, á fín naloxone, oògùn tó ń dá agbára òpíọ́ìdì dúró, sí ihò imú kan, á sì máa bá a mí. Bí kò bá jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 sí 3, á fín òmíràn sí ihò kejì. Naloxone lè tán lára kí òpíọ́ìdì tó tán, nítorí náà wọn kì í fi ẹni tó jí sílẹ̀. Ti buprenorphine le jù bẹ́ẹ̀. Bí òpíọ́ìdì mìíràn bá ṣì kún ara aláìsàn, buprenorphine máa lé e kúrò, ìnira àìrí oògùn lò á sì dé lójijì. Dókítà ní láti dúró títí yóò fi rí i tó ń yán, tí ikun ń yọ nímú rẹ̀, tí irun ara rẹ̀ dìde. Ẹ̀bá aláìsàn ni a ti ń kọ́ èyí, lọ́dọ̀ olùkọ́ tó mọṣẹ́, irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n tó ka ìṣègùn bárakú sí ẹ̀ka kan gbòógì tí dókítà onírúurú lè gboyè nínú rẹ̀. Ní 2020, HRSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìpèsè ìlera, bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn tó ń kọ́ ọ.

Owó tuntun wá láti kóòtù, lórí ẹjọ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pe àwọn tó ń ṣe òpíọ́ìdì àti àwọn tó ń pín in. Ní 2021, Johnson & Johnson àti àwọn alágbàtà oògùn mẹ́ta, McKesson, Cardinal Health àti AmerisourceBergen, gbà láti san tó 26 bílíọ̀nù dọ́là. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wà lára ohun tí àdéhùn náà gbà kí wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ń pinnu iye tó máa kàn án.