Àjẹdípò: iṣẹ́ tí síǹkì ń ṣe lórí páànù

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń bí mi nínú: "síǹkì ìrúbọ". Ọwọ́ àwọn tó ń túmọ̀ ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo ti ń rí i. Wọ́n rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ pé síǹkì tí wọ́n fi bo irin páànù òrùlé ń "rú ara rẹ̀ lẹ́bọ" fún irin náà, kí ìpáàrà má bàa jẹ ẹ́, wọ́n sì kó o wá sílé bó ṣe wà. Ta ló wá rú ẹbọ ọ̀hún? Ta ló gbà á? Ẹbọ ní ẹni tó ń rú u, ó ní ẹni tí a ń rú u sí, ó sì ní ohun tí a ń tọrọ. Òjò tó ń rọ̀ sórí páànù kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú. Wọ́n á ní Yorùbá náà a máa fi orí ẹran pààrọ̀ orí èèyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé ẹbọ, a ti gbé e nìyẹn, a padà sílé. Ojoojúmọ́ ni omi ń jẹ síǹkì, ọdún ń gorí ọdún, ojú wa sì lè rí ibi tó kù sí.

Àwọn mìíràn ní kí a pè é ní "páànù aláàbò". Èyí gan-an ló léwu jù, nítorí ààbò ni ọ̀dà lásán náà ń ṣe. Ọ̀dà bo irin lórí; ẹ ha ọ̀dà náà, irin tó hàn á dógùn-ún. Ti síǹkì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bá ha á tí irin hàn, síǹkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ṣì ń gba ìyà náà jẹ, bí ojú ibi tó ha kò bá ti ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá pa ìyàtọ̀ yìí mọ́lẹ̀ kò wúlò fún wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a fi í sílẹ̀ ní "gàfánáìsì", bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pe fífi síǹkì bo irin, ńkọ́? Orúkọ Luigi Galvani ni wọ́n fi sọ ọ́, ará Ítálì tó fi iná mọ̀nàmọ́ná wo ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Stanislas Sorel, ará Faransé, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rírì irin bọ síǹkì ní 1837. Kí ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ fẹ́ là yé ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò?

Àjẹdípò ni mo ń pè é. Ẹ tẹ́tí sí ẹnu àwọn káfíńtà wa: "Ìpáàrà ti jẹ páànù yìí." Jíjẹ ni wọ́n ń sọ láti ìgbà tí a ti ń fi páànù kanlé. "Àjẹ" tó wà nínú ọ̀rọ̀ mi, òun náà ló wà nínú àjẹkù àti àjẹsára, ìyẹn ohun tí a jẹ. Àjẹdípò ni ohun tí a jẹ dípò òmíràn. Ẹnìkan sọ fún mi pé ó ń dún bí àjẹ́. Rárá o. Ohùn ti yà wọ́n, ẹni tí kò bá sì ṣi àjẹsára gbọ́, kò ní ṣi èyí náà gbọ́.

Ìpáàrà ni mo ń pe gbogbo rẹ̀ níhìn-ín, ti irin ni o, ti síǹkì ni o. Àwọn kan fẹ́ ya ìdógùn-ún sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ìyàsọ́tọ̀ yẹn kò ní kí òrùlé má jò.

Ó yá, ẹ wo obìnrin tó sá gbodo sórí àpáta. Ewúrẹ́ dé. Obìnrin náà da èèpo iṣu tútù sí ẹ̀gbẹ́ gbodo, ewúrẹ́ sì dojú kọ èèpo. Níwọ̀n ìgbà tí èèpo bá ṣì wà, gbodo wà lálàáfíà. Bí èèpo bá tán, ewúrẹ́ á yíjú. Èèpo tó wà ní ìkangun àpáta lọ́hùn-ún kò sì lè gba gbodo ti ìhín sílẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ ni ewúrẹ́, síǹkì ni èèpo, irin ni gbodo. Síǹkì máa ń tètè jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ju irin lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń kọ́kọ́ lọ. Èèpo náà kò sì pọ̀: irin ni wọ́n rì bọ inú síǹkì yíyọ́ tó gbóná tó nǹkan bíi 450 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì, ohun tó sì lẹ̀ mọ́ ọn lára fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pe gbogbo páànù ní "síǹkì" ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Mo gun òrùlé ilé ìyá ìyá mi ní Bẹẹrẹ, n'Íbàdàn, níbi tí òrùlé ti pọ́n lọ rẹrẹ bí a bá wò ó láti Òkè Màpó. Mo fi ìka nu páànù kan. Lápá kan, ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun ló bá ìka mi wá. Ní àyíká orí ìṣó, ó pupa bí osùn. Ibi tó funfun, síǹkì ni wọ́n ṣì ń jẹ níbẹ̀. Ibi tó pupa, ó ti kan irin. Ẹni tó ti ṣàtúnṣe òrùlé náà tẹ́lẹ̀ fi wáyà bàbà so òpó ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. Lábẹ́ wáyà yẹn, ìlà pupa kan lọ gbọọrọ, tínrín, bí ẹni fi ọ̀bẹ fà á. Bí bàbà bá kan síǹkì nínú omi, síǹkì á yára tán. Sìmẹ́ńtì tútù náà ń jẹ ẹ́, ó sì ń jẹ alumíníọ́mù, ẹ má fi lẹ ojú ihò.

Ẹ fi ẹnu ìṣó tọ́ ibi tó bá pupa. Bó bá lu, ẹ yọ páànù náà. Bí kò bá lu, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fá a títí irin á fi dán, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ kùn ún ní ọ̀dà tí ìyẹ̀fun síǹkì pọ̀ nínú rẹ̀, kí ọ̀dà òkè tó tẹ̀lé e. Ibí yìí ni "ààbò" ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà: wọ́n rò pé bíbò ló kù, wọ́n sì kun ọ̀dà olówó gọbọi lé ìpáàrà lórí. Síǹkì inú ọ̀dà gbọ́dọ̀ fara kan irin kó tó lè jẹ́ àjẹdípò. Bí ìpáàrà bá wà láàárín wọn, ọ̀dà lásán ni.

Páànù 6 la yọ ní Bẹẹrẹ. A fá ìyókù, a kùn ún, a sì fi ìṣó onírọ́bà kàn án. Èyí tó ní ìlà wáyà bàbà lára ṣì fara ti ògiri ẹ̀yìnkùlé. Mo ní kí wọ́n má tà á fún aláàkísà, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ káfíńtà àdúgbò lè máa wá wò ó.